Ìlà Ìdìbò tí Bàbá Mi Tò Sí Nínú Sinimá

Ọjọ́ Sátidé ni, aago méje àbọ̀ àárọ̀, ọjọ́ kejì tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Aago ara máíkírówéfù ni mo wò, ìdí nìyẹn tó fi dá mi lójú. Òórùn ló jí mi: àlùbọ́sà àti pòtétò tí wọ́n ń dín jẹ́jẹ́ nínú òróró ólífì, tí ata rodo sì ń ta síni nímú láti ìsàlẹ̀ ilé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Houston mọ irú ilé tí mò ń sọ: àpò ìrẹsì nínú gáréèjì, bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, fìrísà kejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn ilé tiwa ní Katy, lẹ́yìn Houston, yàtọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì kì í tíì dé láti iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, bàbá mi ló máa ń wà nídìí ààrò.

Ẹyin tí bàbá mi ń dín kì í ṣe irú èyí tí àwọn ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dín. Wọ́n á rẹ́ pòtétò pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á dín in títí yóò fi rọ̀, wọ́n á wá da ẹyin púpọ̀ lé e lórí, yóò sì nípọn bí ìrọ̀rí kékeré. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti gbẹ, wọ́n á fi abọ́ pẹrẹsẹ dé páànù, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì dojú gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń di ojú mi tí wọ́n bá ti mí báyẹn. Ata rodo nìkan ni Yorùbá inú oúnjẹ náà.

Ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

"Ìyá onílé mi ní Màdírìdì ni." Páànù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Lọ́dún tí mo ṣe sinimá."

Mo la ojú mi.

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi kàwé ní Sípéènì kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé eyín wọn ní èjí: ó wà níbẹ̀, n kò rò ó. Tí a bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ará Mẹ́síkò ní Rosenberg, bàbá mi á máa sọ èdè Sípáníìṣì fún wọn, àwọn mẹkáníìkì náà á sì máa rẹ́rìn-ín nítorí pé ohùn àlùfáà ilẹ̀ Sípéènì ló ń jáde lẹ́nu ọkùnrin dúdú gíga tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìfọpo Baytown. "Fáàdà" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Kò dùn wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi pé bàbá mi ṣe sinimá.

Wọ́n gbé páànù kalẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí bàbá mi dé Màdírìdì, kò tíì pẹ́ tí ọ̀gágun tó ti ń ṣàkóso ibẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún kú. Láyé ọ̀gágun náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń kọ́kọ́ jókòó wo sinimá kí aráàlú tó wò ó, wọ́n á sì gé ohun tí kò bá wù wọ́n kúrò. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹnu konu, wọ́n á gé e. Bí ẹnì kan bá fi àlùfáà ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á gé e. Bí obìnrin bá fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gé òun náà. Lẹ́yìn ikú ọ̀gágun, sísọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n gbé e sílẹ̀. Àwọn èèyàn wá ń tò nínú òtútù lẹ́nu ilé sinimá láti wo ohun tí wọ́n ti ń gé fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ìyá onílé bàbá mi, opó tí kì í wọ aṣọ mìíràn ju dúdú lọ, ní kí bàbá mi sin òun lọ. Nígbà tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu konu, màmá náà fi abẹ̀bẹ̀ bojú. "Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó láàárín abẹ̀bẹ̀," bàbá mi ní. "Mo rí wọn."

Ohun tó mú èyí yà mí lẹ́nu ni pé nínú ilé tiwa, bàbá mi fúnra wọn ni sísọ́ọ̀sì. Tí a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnu méjì bá ti ń súnmọ́ra, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn wọn fífẹ̀, wọ́n á ní, "Mojí, bojú ẹ." Wọn ò ní kúrò títí orin yóò fi yí padà. Mọ́mì máa ń sọ pé, "Dádì Mojí, ibi tí àwọn ará Sípéènì gbé sísọ́ọ̀sì wọn sí lẹ ti lọ gbé e, ẹ wá gbé e wá sí Katy."

Ìtàn sinimá náà nìyí, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, bàbá mi ń lọ sí kíláàsì, wọ́n sì bá àwọn onísinimá lójú pópó. Ìran ọjọ́ ìdìbò ni àwọn yẹn fẹ́ yà. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ aránṣọ ń lọ dìbò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá a jà nílé pé kó má lọ, nítorí ẹ̀rù ìjọba àtijọ́ ṣì ń bà wọ́n. Yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí ìdìbò ti ń lọ, àwọn tó tò sórí ìlà á yà fún un kó kọjá. Ìlà náà kò gùn tó bí olùdarí ṣe fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò rí bàbá mi àti kóòtù dúdú gígùn tí wọ́n wọ̀, ó sì ní kí wọ́n wá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò bèèrè bóyá àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.

"Nílé wa nígbà yẹn, sójà ló ń ṣèjọba," bàbá mi sọ fún mi. "Èmi ò tíì dìbò rí. Ìlà ìdìbò àkọ́kọ́ tí mo tò sí láyé mi, ti sinimá ni."

Àṣẹ kan ṣoṣo ni olùdarí pa: kí gbogbo wọn dúró gbọnin. Òṣèré arúgbó náà wá ń bọ̀, ó dé iwájú bàbá mi, ó wò wọ́n lójú, ó ní, "O káàárọ̀, ọmọ mi." Wọn ò kọ èyí sílẹ̀ fún un láti sọ.

"Mojí, kí ni kí n ṣe? Màmá àgbà kí mi. Kí n wá dúró bí òpó iná?"

Ara wọn ti lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rántí olùdarí. Ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ọwọ́ òsì sì di ìsàlẹ̀ kóòtù mú lẹ́yìn kó má baà wọ́lẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n wọn ló yá wọn ní kóòtù náà. Bí òṣèré náà ṣe kọjá tán ni olùdarí pariwo. Àwọn tó wà lórí ìlà ń wolẹ̀, wọ́n ń wá ohun tó jábọ́. Òṣèré arúgbó náà ló ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà tí òun fúnra òun dìbò kẹ́yìn, irun òun ṣì dúdú, ẹni tó bá kí òun níjọ́ tí òun padà wá dìbò, kí wọ́n má gé onítọ̀hún kúrò. Olùdarí ní kí gbogbo wọn padà sáyè wọn. Ó tún ìran náà yà lẹ́ẹ̀mejì sí i, bàbá mi sì dúró gbọnin ní méjèèjì.

"Ṣé wọ́n gé e?" mo bèèrè.

"N ò mọ̀. Mo ti kúrò ní Sípéènì kí sinimá náà tó jáde." Wọ́n fi abọ́ dé páànù, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n yí i dà. Mo gbàgbé láti di ojú mi.

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn yẹn ti di ara oúnjẹ Sátidé. Èmi ni mo máa ń béèrè fún un, bàbá mi á sì sọ ọ́ láìyí nǹkan kan padà, wọ́n á parí ẹ̀ sórí "N ò mọ̀" kan náà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú mi dání lọ síbi ìdìbò ní jímù ilé ìwé kan nítòsí wa. Ooru Houston mú, síbẹ̀ kóòtù ni wọ́n wọ̀. Ìyá òyìnbó kan tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá wà lẹ́yìn wa lórí ìlà, bàbá mi yà fún un, wọ́n sì fọwọ́ ọ̀tún kanlẹ̀ wéré. Ọwọ́ òsì di ìsàlẹ̀ kóòtù mú lẹ́yìn. Ìyá náà wolẹ̀. "Dáálìnì, ṣé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Rárá, mà."

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Inú mi dùn ju ohun tí ẹ̀rín náà fi hàn lọ, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí mo ti ń gbọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wàhálà dé. Ọjọ́ àwọn bàbá ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta táyà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí bàbá kọ̀ọ̀kan dìde sọ ohun kan tí ìjọ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Áńkù Káyọ̀dé ló wà nídìí máíkì. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, wọ́n jọ gbé apátímẹ́ǹtì kan náà nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Bàbá mi dìde, wọ́n sọ ìtàn sinimá náà ní ṣókí. Gbogbo ìjọ yíjú sí wọn. Mo wò káàkiri, orí mi wú.

"Bọ̀dá Délé, ẹ dúró ná," Áńkù Káyọ̀dé ní. "Ẹ̀yin yìí? Nínú sinimá òyìnbó? Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá arúgbó lójú kámẹ́rà, wọn ò sì lé yín?"

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ sinimá ọ̀hún, ká lè lọ wò ó?"

Bàbá mi dá orúkọ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú ti mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wá a, ó mi orí.

"Kò sí o! Fóònù ní kò sí o!" Áńkù Káyọ̀dé na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń jẹ́rìí. "Akítọ̀ Sípéènì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jàre, a ti gbọ́!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó. Sátidé tó tẹ̀ lé e, òórùn pòtétò jí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Dádì, ẹ sọ ti sinimá yẹn." Wọ́n ní, "Jẹun, Mojí. Ìtàn àtijọ́ ni." Wọn ò sọ ọ́ mọ́, ní Sátidé yẹn àti ní èyíkéyìí tó tẹ̀ lé e. Orúkọ náà, Akítọ̀, ló dúró. Kì í ṣe ìkà ni Áńkù Káyọ̀dé fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ló gbé Mọ́mì dé ọsibítù lọ́dún tí omi ya wọ àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú bàbá mi nígbàkigbà tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn.

Mo bi Mọ́mì bóyá òótọ́ ni ìtàn náà. Mọ́mì ń bọ́ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́. "Bàbá ẹ kì í purọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò."

Gbólóhùn méjèèjì yẹn ni mo gbé dání kúrò ní ìgbà èwe. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ láíbìrì ní Katy, òun náà kò rí orúkọ sinimá náà. Mo kọ́ èdè Sípáníìṣì ní ilé ìwé, mo sì ń fi da bàbá mi láàmú nílé. Nígbà tí mo dé yunifásítì, ìtàn ni mo kà, mo sì rí i kà níbẹ̀ pé orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pe sinimá nígbà tí wọ́n ń yà á lè máà jẹ́ èyí tó fi jáde, àti pé púpọ̀ nínú sinimá ìgbà ìyípadà yẹn ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lójú àwọn èèyàn kí wọ́n tó lọ kú sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Mo tún kọ́ pé èèyàn lè rántí ohun tó wù ú kó ṣẹlẹ̀. N kò fi ìgbà kan rò pé bàbá mi purọ́. Ohun tí mò ń rò ni pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ya ìran náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní ìkíni nínú, àti pé ìdí wà fún olùdarí láti mú èyí tó lọ bó ṣe fẹ́. Bí mo bá tilẹ̀ rí sinimá náà, ó ṣeé ṣe kí n bá kóòtù dúdú kan tó dúró gbọnin níbẹ̀, kí ẹ̀rín ṣọ́ọ̀ṣì wá di ìlọ́po méjì.

Lọ́dún yìí, ilé ọnà kan láàárín ìgboro ń fi àwọn sinimá Sípéènì ìgbà náà hàn, èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ kí àwòrán rẹ̀ lè tún hàn kedere. Mo ka àlàyé ọ̀kan: aránṣọ arúgbó kan fẹ́ lọ dìbò, àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò jọ èyí tí bàbá mi sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rárá. N kò sọ ohun tí mò ń rò fún wọn. Mo kàn ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ wo sinimá Sípéènì lọ́jọ́ Sọ́ńdè." Mọ́mì ni mo sọ ọ́ fún, Mọ́mì sì gbé fóònù. "Káyọ̀dé, wọṣọ. Ọ̀rọ̀ Akítọ̀ ni."

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí ìlà kan náà, Áńkù Káyọ̀dé pẹ̀lú gúgúrú lórí itan. Nígbà tí ọmọbìnrin aránṣọ náà àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra, mo rí i tí ara bàbá mi gbéra lórí àga. Mọ́mì fa ọwọ́ aṣọ wọn. "Ẹ jókòó, Dádì Mojí. Ọmọ yín ti gboyè."

Lẹ́yìn náà ni ojú pópó, òtútù, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Mo gbọ́ tí bàbá mi mí kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń mí kí wọ́n tó yí páànù dà. Ìlà gígùn. Ìyá arúgbó náà ń bọ̀. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú gíga kan wà nínú kóòtù gígùn, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ìyá náà dúró níwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ mira, orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sílẹ̀.

"Yéè!" Áńkù Káyọ̀dé ké, gúgúrú dà nù. "Bọ̀dá Délé! Bọ̀dá Délé nìyẹn! Ẹ wo ọwọ́ òsì! Irú kóòtù wo lèèyàn ń dì mú báyẹn!" Àwọn èèyàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ọwọ́ Mọ́mì wà nínú ọwọ́ bàbá mi.

Ìbá ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ǹ bá pariwo ju Áńkù Káyọ̀dé lọ, ì bá sì tán síbẹ̀. Ní báyìí, mo ti dàgbà ju ọ̀dọ́mọkùnrin inú sinimá yẹn lọ, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí mo gbà gbọ́ àti ohun tí mo lè fi hàn ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ kò hàn. Orúkọ bàbá mi kò sí nínú àwọn orúkọ tó kọjá ní ìparí. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn olùdarí, bóyá òṣèré arúgbó náà ló bá a sọ̀rọ̀ yọrí, tàbí ó rí i fúnra rẹ̀ pé nínú ìtàn ìlú tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìbò, ó yẹ kí ẹnì kan bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń lọ dìbò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà kò nílò èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí kó tó gba bàbá rẹ̀ gbọ́. N kò rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Mo kàn gba ọ̀nà tó jìn dé ibi tó ti jókòó sí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wa mọ́tò lọ sí Katy. Láti gáréèjì ni mo ti gbọ́ òórùn pòtétò. Áńkù Káyọ̀dé ti jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fo nǹkan kan." Bàbá mi sọ ọ́: òtútù, ìlà, kóòtù, ìyá arúgbó. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti máa ń sọ pé wọn ò mọ̀, wọ́n fi abọ́ dé páànù, wọ́n wò mí.

"Wọn ò gé e," mo ní.

"Wọn ò gé e," bàbá mi ní, wọ́n sì yí i dà.